Ilẹ̀kùn Ìlú Ṣewẹ́kú

Ẹ sún fún ara yín díẹ̀. Ẹni tí ó wà lẹ́bàá ògiri, kí ó má há mọ́ ògiri. Ẹni tí ó gbé ọmọ dání, kí ó dẹ ọwọ́ kí ọmọ náà lè mí. Ìtàn tí ó wà lẹ́nu mi yìí ní apá, ó ní ẹsẹ̀; bí kò bá rí ibi nà wọ́n sí láàrin yín, yóò padà sínú igbó tí ó ti wá, kò sì sí ẹni tí yóò tún rí i mú. Ó dára. Mo rí i pé afẹ́fẹ́ ti ń kọjá.

Ọdẹ kan wà tí à ń pè ní Ọdẹ́gbàmí. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ kò ní bojú wẹ̀yìn wò ó, nítorí kò ga, kò sanra, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ẹfọ̀n léèrè. Èmi tí mo jókòó yìí ti pa ẹfọ̀n, ẹni tí kò bá gbà, kí ó wá wo ìwo rẹ̀ lókè àjà mi. Síbẹ̀ bí a bá ka ọdẹ, tí a ka Ọdẹ́gbàmí, ọmọ ẹ̀yìn ni mo jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ èyí fún mi nígbà tí ó ti darúgbó, bí ó sì ti sọ ọ́ ni n ó ṣe sọ ọ́.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ kú. N kò ní sọ bí ó ti kú. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ènìyàn ń gbé dé ẹnu ọ̀nà tí wọn kì í lè bá a wọlé. Ohun tí obìnrin náà fi sílẹ̀ kò pọ̀: ìró aláró kan tí ó ti ṣá, àti ọmọbìnrin kékeré kan, Ìyùnadé. Kò pẹ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Kì í ṣe irú ikọ́ tí ọmọdé ń wú tí ó ń lọ. Èkíní kò ní tíì tán kí èkejì tó dé, kò sì sí àyè láàrin wọn tí èémí lè gbà wọlé. Ojú ọmọ náà a pọ́n, ọwọ́ rẹ̀ a máa wá nǹkan tí yóò dì mú nínú afẹ́fẹ́.

Ìyá Ọdẹ́gbàmí sọ fún un pé igi kan wà ní àárín igbó àwọn iwin tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀míró. Èèpo rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀ nínú. Bí a bá sè é nígbà tí ó ṣì pupa, èémí a padà sáyà; bí ó bá ti dúdú kí ó tó dé inú ìkòkò, igi ìdáná lásán ni.

“Lọ, má sì pẹ́,” ni ìyá náà wí. “Mo lè gbé ọmọ yìí dání. N kò lè bá a mí.”

Ọdẹ́gbàmí mú ìbọn, ó mú ọ̀bẹ, ó sì mú ìró Àyọ̀ká, ó fi di ìdí bí àmùrè. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jókòó lábẹ́ igi bi í bóyá ọjà ni ó ń ná lọ ni. Ó fẹ́ kí nǹkan Àyọ̀ká wà lára òun, kò sí ìdí mìíràn.

N kò ní fi orúkọ òkè àti igi dá yín lágara. Ẹni tí ó ń wá ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ kì í ka òkúta ojú ọ̀nà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó dé etí odò kan tí igi kan ṣoṣo dábùú, iwin kan sì jókòó sáàárín igi náà. Eyín iwin yìí jìnnà sí ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kan a máa gba ọ̀nà púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò dà bí ẹni pé àwùjọ ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ọdẹ́gbàmí kí i, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun kọjá. Iwin náà ní àlọ́ ni owó ibodè òun.

“Ohun kan ń bẹ láàrin eyín mi, ó ń bẹ láàrin ìka rẹ. Ọlọ́rọ̀ kò lè kó o pamọ́, òkú kò ní in. Bí o bá fún ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ a pẹ́. Bí o bá fún ọ̀tá, ọ̀tá a wọlé. Kí ni?”

Ọdẹ́gbàmí ronú, ó ní ọ̀wọ̀ ni. Iwin náà rẹ́rìn-ín títí igi fi ń mì lábẹ́ wọn. Ó ní bí ọ̀wọ̀ bá wà láàrin eyín òun, ẹran tí ó máa ń há síbẹ̀ ìbá ti máa dọ̀bálẹ̀ fún òun. Ṣùgbọ́n ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà.

“Máa lọ. Ibi tí kò sí ni ìwọ yóò ti mọ̀ ọ́n.”

Nígbà tí ó dé ìdí Ẹ̀míró, ejò kan ti wé mọ́ igi náà láti ilẹ̀ dé ibi tí ẹ̀ka ti bẹ̀rẹ̀, orí àti ìrù rẹ̀ sì sùn síbì kan náà, tí ènìyàn kò fi lè mọ èwo ni yóò bu òun jẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òní, ìbọn ni ẹ ó kọ́kọ́ yìn. Ọdẹ́gbàmí kí i ni. Ó ní, “Ẹ kú ìṣọ́ o, baba.” Ejò náà kò rí ẹni tí ó kí i láti ọjọ́ tí a ti bí i. Ìyàlẹ́nu náà mú kí ó tú ara rẹ̀ díẹ̀, ibi tí ó tú náà ni Ọdẹ́gbàmí ti bó èèpo. Ó fi ìró Àyọ̀ká wé e, apá kan sí ìta, apá kan sí inú pátápátá, ó tún dì í mọ́ ìdí, ó sì kọjú sílé.

Ibi tí ó ti yẹ kí ìtàn yìí parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ dé. Ìkùukùu eruku bo igbó, ọ̀nà sọnù mọ́ ọn lójú, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ bí ewé. Bí ó ti ń táràrà, ó rí odi gíga kan tí ó ń dán, tí ìlà kan tàbí ihò kan kò sí lára rẹ̀, àti ilẹ̀kùn ńlá kan láàrin odi náà tí ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó ní kí òun wọlé bu omi mu, kí òun béèrè ọ̀nà. Bí ó ti wọlé báyìí, àwọn ènìyàn kan ti ilẹ̀kùn náà lẹ́yìn rẹ̀ nítorí eruku. Kò dún gbàgà bí ilẹ̀kùn. Ó wọ ojú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ojú ti ń pa dé, kò sì sí ibi tí ènìyàn lè fi ìka tọ́ pé níbí ni igi ti parí, níbí ni odi ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí okùn wà ní ọrùn rẹ̀, tí okùn wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Baba Òṣùwọ̀n ni orúkọ rẹ̀, òun ni ó ń wọn ohun gbogbo ní ìlú Ṣewẹ́kú. Kó tó fún àlejò lómi, ó ti wọn ètè rẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ igbá kékeré kan tí ó bá ètè náà mu. Ó wọn èjìká rẹ̀, ó wọn ìbàdí rẹ̀ pẹ̀lú ìró àti èèpo igi tí ó wé mọ́ ọn, ó sì pariwo ìwọ̀n náà fún àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà. Ọdẹ́gbàmí mu omi, ó dúpẹ́, ó ní òun ń lọ.

Àsìkò yẹn ni òjò àìròtẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí òjò dá, ó fa ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kò mì. Ó fi èjìká tì í, ó fi ẹsẹ̀ ta odi, ó fi gbogbo agbára tí ó fi ń gbé ẹfọ̀n fà á. Igi ti mu omi, ó ti wú, ó ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú odi. Ó béèrè ìgbà tí yóò ṣí. Àwọn ará ìlú náà dá a lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín pé yóò ṣí ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá rí bí ó ti rí gan-an ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Àlejò kan ti retí ọjọ́ náà níbẹ̀ rí títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi ń gbálẹ̀.

Wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ ọba. Ọba Ṣewẹ́kú jókòó nínú àga tí wọ́n gbẹ́ mọ́ ọn lára, kò lè yí ọrùn, kò lè na apá, ojú nìkan ni ó fi ń kí ènìyàn. Ọdẹ́gbàmí dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé ọmọ rẹ̀ àti ikọ́ náà, ó ní ilẹ̀kùn kábíyèsí ti bàjẹ́.

“Ilẹ̀kùn kò bàjẹ́, àlejò,” ni ọba wí. “Ojú ọjọ́ ni ó bàjẹ́.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ìlú náà. Èèkù ọkọ́ wọn ṣe wẹ́kú, ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá fẹ́, igi a súnkì, irin a sì fò kúrò lórí rẹ̀ nínú oko. Wọ́n a ní ọyẹ́ ni ó jẹ̀bi. Ọkùnrin kan jẹ iyán yó ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, kò lè gba ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ mọ́, ìta ni ó wà pẹ̀lú ìyàwó nínú ilé títí ó fi rù. Wọ́n ní iyán ni ó jẹ̀bi. Bí eyín bá dun ènìyàn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, kò lè fi igbá rẹ̀ mumi mọ́. Wọ́n ní kí ni ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú wá sí ìlú? Ọlọ́run dá ìka márùn-ún lọ́nà márùn-ún, wọ́n ń bá ìka wí.

Ọdẹ́gbàmí bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fi ọ̀bẹ ha etí ilẹ̀kùn náà díẹ̀, bí èékánná ọmọdé péré. Baba Òṣùwọ̀n bo etí ara rẹ̀. Ọba ní kí wọ́n mú àlejò lọ wo òfin.

Wọ́n gbẹ́ òfin náà sórí ilẹ̀kùn odi, ní ibi tí ẹni tí ó wọlé kì í rí i àfi bí ó bá ń wá ọ̀nà jáde. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni: Ẹ MÁ FI ÀYÈ. Baba Atẹ̀lúdó tí ó tẹ ìlú náà dó ni ó sọ ọ́ lórí ibùsùn ikú rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ìkẹyìn ni, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fi di òfin: kí àyè kankan má ṣe sí láàrin ohun kan àti èkejì rẹ̀ títí ayé.

Ọdẹ́gbàmí ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù fún ìgbà díẹ̀ ní kékeré, olùkọ́ rẹ̀ sì ti nà án rí nítorí gbólóhùn tí kò parí. Ó wo ọ̀rọ̀ náà títí. Ó bi Baba Òṣùwọ̀n pé kí ni wọn kò gbọdọ̀ fi àyè ṣe. Baba Òṣùwọ̀n ní bí ó ti wà nìyẹn.

“Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ìrù, baba.”

“Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí.”

“Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi,” ni Ọdẹ́gbàmí wí. “Èyí kò tíì di odindi.”

Baba Òṣùwọ̀n wọn ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó kọjá lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, kí ni ẹ ó ṣe? Èèpo igi ń gbẹ. Lójoojúmọ́ ni ó ń tú ìró wò, etí rẹ̀ ti ń dúdú wọ inú. Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ó rò pé gbogbo ìlú ti wọ inú ilé wọn tí ó há, ó fa ọ̀bẹ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha etí ilẹ̀kùn. Kò tíì rí fọ́nrán igi kan gbé sọ́wọ́ tí okùn fi bọ́ sí i lọ́rùn. Ìjìyà ẹni tí ó bá wá àyè ní Ṣewẹ́kú ni kí wọ́n kan án mọ́ ibi tí kò sí. Wọ́n gbẹ́ ihò kan sínú ara odi gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí Baba Òṣùwọ̀n ti mú ní ọjọ́ tí ó wọlé, wọ́n tì í sí i, wọ́n fi pákó tí ó bá àyà rẹ̀ mu dé e. Ihò kékeré kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ níwájú ẹnu rẹ̀, ó sì fẹ̀ tó ẹnu náà gan-an.

Kò lè gbé ọwọ́. Kò lè tẹ orúnkún. Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù ni pé bí ó bá mí sínú, àyà rẹ̀ a kan pákó kí èémí náà tó dé ìdajì. Ó ń mí àbọ̀, ó ń mí àbọ̀. Níbẹ̀ ni ó ti mọ ohun tí ń ṣe ọmọ rẹ̀. Ó ti gbé Ìyùnadé jókòó lọ́pọ̀ ìgbà tí ó ń wúkọ́, ó ti fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ti sọ fún un pé kí ó rọra mí, àṣé kò mọ ohun tí òun ń sọ. Ó sunkún nínú odi náà, omijé kò sì rí ibi ṣàn sí.

Obìnrin arúgbó kan ni ó ń fún un lómi. Esùsú tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń fi dà á sí i lẹ́nu. Yèyé Àgbà ni wọ́n ń pè é, opó Baba Atẹ̀lúdó ni, òun sì ni ìyá ọba. Àwọn ará ìlú náà kì í tètè kú. Wọn kò rí àyè dùbúlẹ̀. Yèyé yìí kì í sọ̀rọ̀. Ó kàn ń bomi, ó ń lọ.

Ní ọjọ́ kan, ìka Ọdẹ́gbàmí kan etí ìró tí ó wà ní ìdí rẹ̀. Ó rántí pé ìró náà wà lára òun nígbà tí wọ́n wọn òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka méjì fà á. Ó fà á díẹ̀, ó sinmi, ó tún fà á. Bí aṣọ náà ti ń tú kúrò ní ìbàdí rẹ̀ tí ó ń bọ́ sí ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àyè ń wọlé síbi tí ó ti kúrò. Ó sún ara rẹ̀ wá sísàlẹ̀ díẹ̀, àyà rẹ̀ bọ́ sí ibi tí pákó náà kò ti fún un mọ́. Ó mí. Èémí náà lọ títí dé ìsàlẹ̀ ikùn. Ó gbóòórùn aró, ó gbóòórùn Àyọ̀ká.

Ibi tí ó ti dúró báyìí, tí ó di aṣọ náà mú, ni ó ti rántí pé ìró yìí kan náà ni Àyọ̀ká ró ní ọjọ́ tí wọ́n mú un wá ilé ọkọ, nígbà tí ìbàdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Òun náà ni ó ró nígbà tí ó lóyún Ìyùnadé tí ikùn yọ síwájú. Òun náà ni ó ró nígbà tí àìsàn jẹ ẹ́ ku egungun. Ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ọ́n fún un rí. Ara ń wú, ara ń rù, aṣọ náà kàn ń gun orí ara rẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, kò sì sí ọjọ́ kan tí ó ṣí ìhòòhò rẹ̀ síta. Ọdẹ́gbàmí ti ń wo ìró náà fún ọdún púpọ̀. Kò rí i rí.

Nígbà tí Yèyé Àgbà dé pẹ̀lú omi, ó gbọ́ èémí rẹ̀ tí ó gùn. Ó dúró. Ó fi ojú sí ihò náà.

“Ta ni ó fún ọ láyè, ọmọ mi?”

“Ìyàwó mi ni, yèyé. Ó ti kú.”

Arúgbó náà jókòó sílẹ̀. Ó ní òun náà fẹ́ràn ọkọ òun. Ó ní nígbà tí àìsàn dá Baba Atẹ̀lúdó gúnlẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dì mọ́ ọn: ọmọ lórí ẹsẹ̀, ọmọ lórí apá, òun lórí àyà, ará àdúgbò lórí gbogbo wọn. Òun ni etí òun sún mọ́ ẹnu rẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun tí ó gbọ́. N kò ní tíì sọ ọ́ fún yín. Ọdẹ́gbàmí bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún ìlú. Ó ní ẹnikẹ́ni kò bi òun.

Ìtúsílẹ̀ rẹ̀ ti ibi tí ẹ kò rò wá. Baba Òṣùwọ̀n wá wọn ihò náà gẹ́gẹ́ bí àṣà, okùn rẹ̀ sì wọ ẹ̀gbẹ́ ẹlẹ́wọ̀n. Ó tún un wọ̀n. Ó bú sẹ́kún. Àyè ń bẹ nínú ẹ̀wọ̀n! Ẹ̀wọ̀n fúnra rẹ̀ ti rú òfin! Wọ́n gbé pákó kúrò, wọ́n fa Ọdẹ́gbàmí jáde tòun ti ìró rẹ̀ kí wọ́n lè gbẹ́ ihò mìíràn, gbogbo ìlú sì péjọ síwájú ọba, ìtìjú bo àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà.

Ọdẹ́gbàmí dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Kábíyèsí, ọdẹ ni mí. Bí mo bá dẹ pàkúté tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ẹsẹ̀ ẹtu kan ṣoṣo mu, ẹtu náà lè má kọjá títí n ó fi kú. Mò ń dẹ ẹ́ fún èyí tí ó tóbi àti èyí tí ó kéré, fún ilẹ̀ tútù àti ilẹ̀ gbígbẹ, nítorí bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ilẹ̀kùn sí ẹnu ihò tí ẹ ti mú mi jáde yìí. Bí irun orí kan bá rí ibi wọ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mi, ẹ dá mi padà síbẹ̀.”

Ọba ṣẹ́jú, ìyẹn ni pé ó gbà.

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń rẹ́rìn-ín sí i bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Kò wọn ẹnu ihò náà; ó wò ó ni. Ó la pákó, ó tò wọ́n kí etí ọ̀kan gun orí èkejì bí ìyẹ́ ẹyẹ, kò sì dè wọ́n le jù. Ó jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà fẹ̀ ju ẹnu ihò lọ ní ọ̀tún, ní òsì, lókè àti nísàlẹ̀. Wọ́n pariwo pé kò lè wọlé. Ó ní òun kò fẹ́ kí ó wọlé. Ó fi okùn awọ so ó rọ̀ sí iwájú odi, ó sì jẹ́ kí ó fara ti odi pẹ̀lú ìwúwo ara rẹ̀, bí ìró ti ń fara ti ìbàdí.

Baba Òṣùwọ̀n fa irun orí ara rẹ̀ kan tu, ó fi wá ọ̀nà yíká. Irun náà kò wọlé. Wọ́n da omi lé ilẹ̀kùn náà láti òwúrọ̀ títí pákó fi wú. Wọ́n fà á, ó ṣí. Wọ́n dáná níwájú rẹ̀ títí pákó fi súnkì. Irun kò wọlé, wọ́n fà á, ó tún ṣí. Ọmọdé kan fà á, ó ṣí fún ọmọdé. Baba Òṣùwọ̀n ń wo okùn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ó di ìrù ejò mú.

Ọba ní ó dára. Ó ní kí wọ́n fi Ọdẹ́gbàmí joyè, kí ó dúró máa ṣe ilẹ̀kùn fún ilé gbogbo. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn odi, iṣẹ́ bàbá òun ni, ọ̀rọ̀ bàbá òun sì wà lórí rẹ̀. Àáké kankan kò ní kàn án. Ẹ wo ìdẹkùn bí ó ti tún pa dé. Ọdẹ́gbàmí tú ìró rẹ̀ wò níbẹ̀. Gbogbo èèpo ìta ti dúdú.

“Kábíyèsí,” ni ó wí, “ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ bi ìyá yín léèrè ohun tí ó wà lẹ́yìn òfin yín.”

Ọba kò lè yí ọrùn. Wọ́n mú Yèyé Àgbà wá síwájú rẹ̀. Arúgbó náà kò gbé ohùn sókè.

“Bàbá yín kò ṣe òfin kankan. Gbogbo wa wà lórí rẹ̀. Ohun tí ó ń wí ni pé, ‘Ẹ má fi àyè dù mí.’ Kò rí èémí tó láti parí rẹ̀ kí gbogbo yín gbọ́. Àwa ni a pa á. Ìfẹ́ ni a fi pa á.”

Kò sí ẹni tí ó mí. Lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ tí nǹkan ń ya. Ọba ni ó ń dìde. Ó ń dìde kúrò nínú àga tí wọ́n gbẹ́ mọ́ ọn, igi ń ya ní apá rẹ̀, igi ń ya ní ẹ̀yìn rẹ̀, títí ó fi dúró ní òun nìkan. Ó gba àáké lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kan, ó rìn lọ sí ẹnubodè bí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, ó sì gbé àáké sókè sí ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ sí.

Nígbà tí ilẹ̀kùn náà wó, afẹ́fẹ́ igbó wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ nítorí wọn kò mí kún àyà rí. Ọdẹ́gbàmí kò dúró wò wọ́n. Yèyé Àgbà nìkan ni ó dágbére fún.

Ó sáré. Nígbà tí ó dé orí igi odò, iwin eléyín jíjìnnà nì ṣì wà níbẹ̀. Ọdẹ́gbàmí kò dúró. Ó kàn sọ ọ́ bí ó ti ń kọjá pé, “Àyè ni.” Iwin náà sì yẹra fún un.

Ó gbọ́ ẹkún kí ó tó rí ilé. Àgbàlá kún. Iyàrá kún. Gbogbo ará ilé, gbogbo àdúgbò, àwọn ọdẹ tí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn obìnrin tí wọ́n bá Àyọ̀ká ṣọ̀rẹ́, gbogbo wọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yí ẹní ọmọ náà ká, orí lórí orí, wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Ìyá Ọdẹ́gbàmí gbé ọmọ náà mọ́ àyà gbágbágbá. Láàrin gbogbo wọn, Ọdẹ́gbàmí kò rí ojú Ìyùnadé. Ọwọ́ kékeré kan nìkan ni ó rí, tí ó ń wá nǹkan nínú afẹ́fẹ́.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ sáré lọ dì mọ́ ọn pẹ̀lú wọn. Ó sọ fún mi pé ohun tí ó le jù tí òun ṣe ní gbogbo ìrìn-àjò náà ni pé òun dúró sí ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ jọ̀wọ́,” ni ó wí, “ẹ fún un láyè.”

Wọ́n wojú ara wọn. Wọ́n yẹra lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fara ti ògiri, ìyá Ọdẹ́gbàmí sì dẹ ọwọ́. Afẹ́fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọdẹ́gbàmí, ó dé orí ẹní. Ìyùnadé mí. Èémí náà kò gùn, ṣùgbọ́n ó wọlé. Ọdẹ́gbàmí tú ìró Àyọ̀ká ní ìdí rẹ̀, ó ṣí i ní ìṣẹ́po kan lẹ́yìn èkejì, dúdú, dúdú, títí ó fi dé ibi tí ó wà nínú pátápátá. Èèpo kan wà níbẹ̀, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ó pupa.

Ọmọ náà ti di ìyá àwọn ọmọ báyìí, ìró náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí mo rìn dé nìyí. Ẹnu mi ti rẹ̀. Ẹ rọra máa dìde, ẹ má fún ara yín mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tí ó bá jáde kẹ́yìn má sì ti ilẹ̀kùn mi pa pátápátá.